Ìyàwó Kì í Pe Orúkọ Ọkọ

Ọwọ́ funfun ló fọ ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé ọkọ. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni inú ti kọ́kọ́ bí mi. Ọdún tí ìjọba gbé ilé-ìwé ọ̀fẹ́ dé ni. Wọ́n mú mi láti Ìbòkun wá sí Òṣogbo, wọ́n ní kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà agboolé ní Alẹ́kúwodò kí àwọn ìyàwó ilé fi omi tútù fọ ẹsẹ̀ mi, bí a ti í ṣe fún ìyàwó. Aṣọ bo ojú mi, ilẹ̀ nìkan ni mo ń wò. Mo rí ọwọ́ dúdú kan, mo rí òmíràn, lẹ́yìn náà ni mo rí ọwọ́ kan tó funfun bí ẹfun, tí sìmẹ́ǹtì gbẹ mọ́ ọn léèékánná. Ohùn kan sọ lókè orí mi pé, "Káàbọ̀, ìyàwó mi." Ó tún yíjú sẹ́yìn, ó ní, "Ọkọ mi, omi ti tán nínú igbá. Ẹ bá mi bu sí i."

Ọkọ mi ló dá a lóhùn. Ọkọ tèmi, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé rẹ̀, tí n kò tíì mọ igun tí ẹní rẹ̀ wà! Ó ní, "Ó ń bọ̀," ó sì sáré lọ bu omi.

Ẹ kò ní gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà lẹ́nu mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí a bá débẹ̀ ẹ ó mọ ìdí rẹ̀. Bíríkìlà ni. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó bá sì rẹ́ ògiri fún ọ, wàá fẹ́ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbára lé e. Ìgbà tó wá rẹ́ ilé tí bàbá mi Awóníyì fi owó kòkó kọ́ ni a rí ara wa. Ó sọ fún bàbá mi pé òun kò tíì ní ìyàwó, bàbá mi sì gbà. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ òyìnbó fún wa.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá Ìyá Nọ́síràtù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, nídìí ààrò.

"Ìyáálé mi, ta ló ni òyìnbó yẹn?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó Òyìnbó? Ìyàwó gbogbo wa ni."

"Ìyàwó ta ni nínú gbogbo yín?"

"O kò tíì fọ ẹnu, o ti ń wádìí. Ó ti wà nínú ilé yìí kí o tó dé, ìyáálé ẹ ni. Lọ kúnlẹ̀ kí i."

Mo lọ kúnlẹ̀. Èmi Morónkẹ́, ọmọ Awóníyì olóko kòkó, mo kúnlẹ̀ nínú eruku sìmẹ́ǹtì, mo kí obìnrin tó wọ ṣòkòtò ọkùnrin. Ó sì kí mi padà pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé o sùn dáadáa?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni tí a bá bí sínú ilé, ọkọ ni fún ìyàwó tó bá a níbẹ̀, ì báà ṣe arúgbó, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́, ì báà ṣe obìnrin. Nítorí náà, kì í ṣe pé ó pe ọkọ mi ní ọkọ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ìyàwó nìkan ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àlejò kì í sọ ọ́, ayálégbé kì í sọ ọ́. Tó bá wá jẹ́ ìyàwó, ìyàwó ta ni? Mo wo gbogbo ọkùnrin ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ló ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ mi nìkan ló dá wà kí n tó dé. Ìṣirò yẹn kò le rárá.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ṣa ìtàn obìnrin náà jọ. Àgátà ni orúkọ rẹ̀, ará Pólándì ni. Ère ló ń mọ láti ọmọdé, ṣùgbọ́n ère rẹ̀ kò jọ ènìyàn bí ojú ṣe ń rí ènìyàn. Ó ní bí nǹkan ṣe ń ṣe ènìyàn nínú ni òun ń mọ. Tó bá mọ ẹni tí ebi ń pa, ẹnu ni yóò gba gbogbo ojú onítọ̀hún. Tó bá mọ ẹni tó ru ẹrù dàgbà, ọrùn rẹ̀ yóò wọnú èjìká lọ. Nílùú rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ yìn ín, ère rẹ̀ wà nínú ilé ńláńlá. Ìgbà tí àwọn sójà Jámánì gba ìlú, wọ́n ní ère náà burẹ́wà, pé ó ń bu ẹ̀dá kù, wọ́n fi òòlù fọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún mú ọkọ rẹ̀ lọ ní ìdájí ọjọ́ kan, kò sì padà. Nígbà tí ogun parí, ó gbé àpótí kan lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń fọ àwo níbẹ̀, títí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kan fi mú un wá sí Iléṣà láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ ọwọ́.

Ní Iléṣà, wọ́n ní kó mọ ère Màríà fún àwọn. Ó mọ ọ́n tán, ẹnu Màríà là sílẹ̀ gbàgà, ó ń ké sókè ọ̀run, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ọkọ́ ìroko. Àwọn aláboyún ń yà fún un lọ́nà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Àgátà, wọ́n ní kó máa lọ. Bíríkìlà kan ń rẹ́ ògiri lọ́wọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun nìkan ló dúró síwájú ère yẹn, ó gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Ó ní, "Báyìí gan-an ni ìyá mi ṣe sunkún nígbà tí àbúrò mi kú." Ó gbé àpótí obìnrin náà lé orí, ó mú un wá sí agboolé àwọn bàbá rẹ̀ ní Òṣogbo.

Ṣé ẹ rí i? Ọkọ mi ló mú un wálé. Orí ara rẹ̀ ló fi ru àpótí rẹ̀.

Abẹ́ páànù ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi á tẹ irin, á fi wáyà dì í, á po sìmẹ́ǹtì. Àgátà á máa bu ú lé e ní ẹ̀kúnwọ́. Àfáà àdúgbò bínú nítorí ère wà nílé Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n bàbá àgbà ilé, Bàbá Sàláúdéènì, ní kò sẹ́ni tó ń wólẹ̀ fún wọn, kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin jẹun. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló ń pa mí. Ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀, ènìyàn lè lúgọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Lọ́jọ́ kan, sìmẹ́ǹtì ta sí Àgátà lójú, ọkọ mi sì fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Iyán ni mo ń gún lọ́wọ́. Iyán ọjọ́ náà kúnná ju gbogbo èyí tí mo ti gún rí lọ, nítorí orí òyìnbó ni mo ń gún.

Àwọn àgbà ní, "Òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin, kò dénú." Èmi kò tilẹ̀ fẹnu sọ ọ́. Tí ọkùnrin yìí bá délé, òun tí kì í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ère ló máa ń sọ. Obìnrin ère báyìí, ọrùn ère báyìí. Mo ní, "Ẹ wo irun mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í ni." Ó ní, "Ó dára." Ògiri ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Mo wá lóyún. Ikùn mi ti yọ dáadáa nígbà tí òyìnbó ọkùnrin kan gbé mọ́tò wá láti Ìbàdàn. Ó ní àwọn ènìyàn ti rí àwòrán ère Àgátà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fẹ́ kó kó àwọn ère náà wá, wọ́n máa fún un nílé tí yóò ti máa ṣiṣẹ́, orúkọ rẹ̀ yóò sì padà sípò tó wà kí ogun tó dé. Inú mi dùn! Mo pa adìyẹ fún àlejò náà, adìyẹ tí mo ń sìn de ìkómọ. Mo ń rẹ́rìn-ín fún Àgátà fún ìgbà àkọ́kọ́, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Nígbà tí ọkọ mi ń jẹun tirẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní kí èmi náà bá a lọ. Wọ́n ń fẹ́ ẹni tó mọ bí a ṣe ń to irin náà."

"Kí ẹ bá a lọ sókè òkun?"

"Oṣù mẹ́fà péré."

"Ẹ̀yin sọ pé kí ni?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "N kò tíì sọ nǹkan kan."

Ọkùnrin tí kò bá fẹ́ lọ, ó máa ń sọ pé òun kò lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, òyìnbó náà padà wá gbọ́ èsì. Gbogbo ilé jókòó. Àgátà dìde, ó sọ̀rọ̀ fún un lédè wọn, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ ní Yorùbá kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní, "Mo dúpẹ́. N kò lọ. N kò lè fi ọkọ mi sílẹ̀."

Àwọn obìnrin hó yè. Bàbá Sàláúdéènì ń gbàdúrà. Ó yẹ kí inú tèmi náà dùn, àbí? Tí kò bá lọ, ọkọ mi kò lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ní òun kò lè fi sílẹ̀!

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ẹ mọ àwọn òṣómàáló wa tó ń ta aṣọ láwìn: ẹni tí kò bá san, wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn kò ní dìde àfi tó bá san. Tòun ti ikùn mi ni mo lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá Àgátà.

"Òṣó ni mà á ló!" mo ké. "Ẹ fún mi lọ́kọ mi! Ẹ jẹ́ kí n mọ èyí tó jẹ́ tiyín, kí n mọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú ulé yìí!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín nítorí mo pe ilé ní ulé. Ọkọ mi sún mọ́ mi, ó fẹ́ fà mí dìde. "Dìde, jọ̀ọ́. Oyún wà nínú ẹ."

"Mùyídéènì, má fọwọ́ kàn mí!"

Ìyá Nọ́síràtù fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n, ó sì ti bọ́ lẹ́nu mi lójú gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò bínú. Ó kàn sún sẹ́yìn bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí lára.

Àgátà jáde. Ó lóṣòó síwájú mi, orókún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi. "Ìyàwó mi," ó ní, "kí ló dé tí o pe orúkọ ọkọ wa?"

"Ọkọ wa! Ẹ gbọ́ ọ o! Ẹ̀yin, ta ni ọkọ yín? Ẹ pe orúkọ tirẹ̀, kí gbogbo ayé gbọ́!"

Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Ó wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ."

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Òyìnbó mọ àṣà, ọmọ Yorùbá kò mọ̀ ọ́n! Èmi bú sẹ́kún níbi tí mo lóṣòó sí, n kò sì lè dìde mọ́ nítorí ẹsẹ̀ mi ti kú.

Ìyá Nọ́síràtù ló fà mí lọ sídìí ààrò. Ó ní, "Ìwọ Morónkẹ́, ta lo rò pé ó kọ́ òyìnbó yẹn ní Yorùbá? Àwa ni. Ibí yìí ló ti kọ́ ọ, níbi tí a ti ń ṣa ẹ̀fọ́. Ẹni tí a bá pè lọ́kọ, òun náà á pè é lọ́kọ. Ó ń pe Bàbá Sàláúdéènì lọ́kọ, ó ń pe Nọ́síràtù ọmọ mi tí kò tíì pààrọ̀ eyín lọ́kọ. Èdè ìyàwó nìkan ló gbọ́. Kò gbọ́ òmíràn."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi látijọ́ yìí?"

"Ó ń dùn mọ́ wa ni."

Mo bẹ gbogbo ilé lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n sì dárí jì mí. Mo gba ọ̀rọ̀ Ìyá Nọ́síràtù gbọ́, mo gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owú kì í gbọ́ àlàyé. Tí mo bá ti rí àwọn méjèèjì lábẹ́ páànù, àyà mi á tún máa ta.

Mo bí ọmọkùnrin. Lọ́jọ́ kẹjọ, Àfáà wá, gbogbo ilé pé. Bàbá mi ti ránṣẹ́ láti Ìbòkun pé Olúwadára ni òun pè é. Àfáà bi ọkọ mi pé orúkọ wo ni ti Mùsùlùmí. Ẹ̀yin ènìyàn, ọkùnrin yìí yíjú sí Àgátà, ó ní, "Kí ìyáálé ìyá rẹ̀ sọ ọ́."

Mo fajúro. Àfáà pàápàá fajúro, nítorí kì í fẹ́ wo apá ibi tí Àgátà wà. Àgátà gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́ títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní, "Kásímì."

Àfáà fò dìde. "Kásímù! Alihamudulilai! Orúkọ ọmọ Ànábì wa! Ta ló kọ́ òyìnbó yìí ní kéú?" Láti ọjọ́ náà ló ti ń kí Àgátà. Gbogbo ilé ń sọ pé ọkọ mi mọ ohun tó ṣe. Kásímù, Kásímù, wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Èmi nìkan ni inú ń bí. Èmi ni mo rọbí, òun ló sọ ọ́ lórúkọ.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé Àgátà kì í pe orúkọ náà. "Ọkọ mi" ló ń pe ọmọ náà láàárọ̀, "ọkọ mi" lálẹ́. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ, ẹ kò sì pè é rí." Ó ń po sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ." Mo pòṣé, mo lọ.

Ìgbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rá, ó rá wọ yàrá Àgátà ní ọ̀sán ọjọ́ kan. N kò wọ yàrá yẹn rí, ìgbéraga kò jẹ́. Mo wọ̀ ọ́ láti lọ mú ọmọ mi. Kò sí ohun tó wà níbẹ̀ ju ibùsùn kan lọ àti àpótí tí ọkọ mi rù wá láti Iléṣà. Orí kan wà lórí àpótí náà, orí ọkùnrin tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ. Kò ní ẹnu. Ibi tó yẹ kí ẹnu wà, ó tẹ́jú bí ògiri tí a rẹ́. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀! Etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ó yọ síwájú, ọmọ mi sì ti di ọ̀kan mú, ó fẹ́ fi dìde dúró.

Mo bẹ̀rù kí orí náà má wó lù ú. Mo pariwo, "Kásímù! Kásímù, fi í sílẹ̀!"

Nǹkan fọ́ lẹ́yìn mi. Àgátà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìkòkò omi ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń ṣàn lọ sábẹ́ ibùsùn. Kò wo ìkòkò. Kò wo ọmọ. Orí tó wà lórí àpótí ló ń wò.

"Tún pè é," ó ní.

"Kí ni?"

"Jọ̀ọ́, ìyàwó mi. Tún pè é."

Mo ti wà pẹ̀lú ère rẹ̀ pẹ́ tó láti mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tí kò lẹ́nu, àwọn kan ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tí etí rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n pe òun. Kásímì tó sọ lọ́jọ́ ìkómọ kì í ṣe orúkọ kéú. Orúkọ ọkùnrin tí wọ́n mú lọ ní ìdájí ni. Òun ni ọkọ tí mo lóṣòó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, tó la ẹnu, tó pa á dé. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ náà nílẹ̀ wa ju òun lọ, àwa sì ti kọ́ ọ nídìí ààrò pé kò gbọ́dọ̀ pè é. Ó gbọ́rọ̀ sí wa lẹ́nu. Ó wá fi orúkọ náà fún ọmọ mi, kí ẹlòmíràn lè máa bá òun pè é.

Mo gbé ọmọ mi, mo dúró síwájú orí náà, mo tún pè é.

Ẹ má rò pé owú mi tán. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó kàn pààrọ̀ ìjókòó ni. Èmi da orúkọ ọkọ mi sílẹ̀ lójú agbo bí omi ìfọwọ́. Òun gbé tirẹ̀ la òkun kọjá, kò dà á nù. N kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ràn ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọkọ mi bá pẹ́ jù lábẹ́ páànù, Olúwadára ni mo máa ń pe ọmọ mi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ara ta Àgátà díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, tí inú mi bá rọ̀, mo máa ń lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mà á sì pe Kásímù sókè réré, títí Àgátà á fi gbé orí kúrò lórí iṣẹ́. Ọmọ náà á wà lẹ́yìn mi níbi tí mo pọ̀n ọ́n sí, á máa sùn.